Orí Akọ́nimọ̀ọ́gbá, Ẹsẹ̀ Agbábọ́ọ̀lù

Modákẹ́kẹ́ àti Ilé-Ifẹ̀ fara kanra débi pé àlejò lè má mọ ìgbà tó kúrò nínú ọ̀kan tó bọ́ sínú èkejì. Modákẹ́kẹ́ yìí ni wọ́n ti bí Adégbóyè Onígbìndé ní 1938. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí jáde nínú ilẹ̀. Ìbádọ́gba lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe àmì ohun kan. Ohun tó jẹ́ kí n mẹ́nu bà á ni pé ọ̀rọ̀ orí ni mo fẹ́ sọ, irú ìbádọ́gba bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń gbé wa ṣubú nígbà tí a bá ń dá ènìyàn lẹ́jọ́. Onígbìndé ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kó ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún 1984 ni, ní Abidjan, Kamẹrúùnù sì fi góòlù 3 sí 1 borí wa. Lẹ́yìn ọdún 18, wọ́n tún ké sí i pé kó wá gba ikọ̀ náà. Ìgbà kejì yìí ló gbé ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi jáde: bí wọ́n bá fi ọ̀gá tuntun sórí ikọ̀, tí ikọ̀ náà sì fìdí rẹmi, kí ni a mọ̀ nípa ọ̀gá náà tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ to ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ní 2001, àǹfààní láti lọ sí Ife Àgbáyé ti fẹ́ bọ́ mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́. Wọ́n yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá Jo Bonfrère kúrò, wọ́n fi Shuaibu Amodu rọ́pò rẹ̀, ó sì kó ikọ̀ náà la ìyókù ìdíje já. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002 ó kó wọn lọ sí Málì fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Sẹ̀nẹ̀gà ló dá wọn dúró nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí wọ́n dé àṣekágbá, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo borí Málì láti gba ipò kẹta. Ọpẹ́ tí Amodu rí gbà ni pé wọ́n lé e. Onígbìndé ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, nígbà tí Ife Àgbáyé kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ mọ́. Sunday Oliseh tó ti jẹ́ balógun ikọ̀ kò bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni Finidi George náà. Wọ́n dé Jàpáánù, wọ́n bá ara wọn pẹ̀lú Ajẹntínà, Suwídìn àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìsọ̀rí tí àwọn oníròyìn pè ní ìsọ̀rí ikú. Gabriel Batistuta fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, Ajẹntínà borí ní 1 sí 0. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n jáde, Julius Aghahowa ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Suwídìn, ó sì ta ọ̀kìtì léraléra kọjá ibi tí ojú lè kà, ṣùgbọ́n Henrik Larsson dá méjì padà. Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta ọ̀mì, kò sẹ́ni tó rí àwọ̀n. Àmì kan, ipò ìkẹyìn, ilé yá.

A máa ń ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní 2009, Amodu ti padà sórí àga yẹn. Ó kó ikọ̀ lọ sí Nairobi, wọ́n borí Kẹ́ńyà ní 3 sí 2, Nàìjíríà sì tún yege fún Ife Àgbáyé. Ní oṣù kìíní 2010 ó kó wọn lọ sí Àǹgólà. Gánà dá wọn dúró nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí wọ́n dé àṣekágbá, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo borí Àlgéríà láti gba ipò kẹta. Wọ́n tún lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, Suwídìn ni wọ́n ti mú ọ̀gá tuntun wá, Lars Lagerbäck, ọ̀kan nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì tó jọ ń darí Suwídìn lọ́jọ́ tí Larsson fìyà jẹ ikọ̀ Onígbìndé. Òun náà kò ní ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ láti fi múra. Ní Gúúsù Áfíríkà, Ajẹntínà borí wọn ní 1 sí 0. Gíríìsì borí wọn ní 2 sí 1, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ìkẹta, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Gúúsù Kòríà, 2 sí 2. Àmì kan, ipò ìkẹyìn, ilé yá.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn méjèèjì tó jọra bí ìbejì báyìí, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé orí ló ṣe é. Yóò ní orí Onígbìndé kò gbè é, ti Lagerbäck náà kò gbè é, tàbí kó tilẹ̀ ní orí Nàìjíríà ni kò gba bọ́ọ̀lù tó bá ti kọjá ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọlẹ́yìn Kírísítì àti Mùsùlùmí lè ní àwọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ orí. Ìfẹ́ Ọlọ́run ni ọ̀kan yóò pè é, kádàrá ni èkejì yóò pè é. Orúkọ ló yí padà, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe kò yí padà. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bóyá orí wà tàbí kò sí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá ó tọ́ kí a fi orí ṣe ẹ̀rí nígbà tí a bá ń dá akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́jọ́. Mo gbà pé kò tọ́, mo sì gbà pé inú èrò Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ìdí rẹ̀ wà, a kò ní láti lọ yá a níbòmíràn.

Ẹ wo ìtàn tí Ifá sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Ajàlá, ẹni tó ń mọ orí, kí wọ́n tó wá sáyé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wándé Abímbọ́lá, tó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ kí n tún un sọ látòkèdélẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ tọ́ka sí nínú rẹ̀. Àwọn orí tí wọ́n bá nínú iyàrá Ajàlá dára lójú. Kò sí èyí tí a kọ sí i lára pé bàjẹ́ ni. Ìgbà tí wọ́n mórí lé ọ̀nà ayé, tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, ni ti àwọn méjì tó kọ́kọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lulẹ̀, tí ti Afùwàpẹ́ sì dúró digbí. Èyí ni pé nínú ìtàn náà gan-an, òjò ló ń fi orí hàn. Ojú ẹni tó ń yàn kò tó o. Segun Gbadegesin, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Ifẹ̀ níbí, bèèrè nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 bóyá a lè pe ohun tí ènìyàn mú láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní yíyàn rárá. Ìbéèrè tó le ni, ó sì kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹni tó ni orí kò bá mọ irú orí tó gbé, báwo ni èmi tí mo jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ ti Onígbìndé? Orí idẹ Wúnmọníjẹ̀ ṣeé gbé lé ọwọ́, ó ṣeé wọ̀n. Orí inú kò ṣeé wọ̀n. Lẹ́yìn tí Larsson ti gbá góòlù kejì wọlé la tó rí i. Àlàyé tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀ràn nìkan ló ń dé, ìtùnú ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé òun kò nílò orí, ojú òun ni òun fi rí i: ìgbà tí Amodu wà níbẹ̀ nǹkan ń lọ, ìgbà tí wọ́n gbé ẹlòmíràn dé, ó bàjẹ́. Ibí yìí ni iṣẹ́ tí Barry Hallen àti Olúbí Sódípọ̀ ṣe ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó jáde ní ìwé ní 1986, wúlò jù lọ fún mi. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́. Ohun tí mo fojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, òun ni mo mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, tàbí tí mo fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kó dára tó. Èdè tí a ń sọ lójoojúmọ́ ló ṣe ìpínyà yìí fún wa, a sì ń gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n bá ti fọn fèrè ìparí eré. Ohun tí a rí ni pé Nàìjíríà gba àmì kan ṣoṣo ní Jàpáánù. Ẹni tó ní ọ̀gá tuntun ló ba iṣẹ́ jẹ́, ohun méjì ló ń fi wéra: ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní Amodu ló kó wọn lọ. Ìdajì àkọ́kọ́, ìmọ̀ ni. Ìdajì kejì kò sí ojú tó rí i rí. Kò sí bí a ṣe lè fi irú ìdajì bẹ́ẹ̀ gbé ìdájọ́ odindi ró.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé ṣebí 2010 ti jẹ́ ẹlẹ́rìí: wọ́n tún un ṣe, èsì kan náà ló jáde, a jẹ́ pé lílé Amodu ló fa á. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ tí wọ́n kojú Gúúsù Kòríà ní Durban. Gẹ́gẹ́ bí àmì ṣe rí lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́gun ẹyọ kan ìbá ti gbé Nàìjíríà kọjá sí ìpele tó kàn, nítorí Ajẹntínà ń na Gíríìsì lọ́wọ́ kan. Kòríà ní góòlù 2, Nàìjíríà ní 1. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú Yakubu Aiyegbeni, kò sí aṣọ́lé nínú ilé mọ́, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan péré ló wà láàárín òun àti àwọ̀n. Ó ta á síta. Láìpẹ́ sí i ó gbá pẹ́nárítì wọlé, eré sì parí ní ọ̀mì. Ká ní bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ yẹn wọlé, kí ìyókù sì rí bó ti rí, à bá máa kan sáárá sí Lagerbäck pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni. (Mo mọ̀ pé èmi náà ti kó sínú ìgbàgbọ́ báyìí. Ká ní ó wọlé, bóyá Kòríà ìbá tún gbá ọ̀kan sí i.) Ohun tí mo ń tọ́ka sí kò nílò ju èyí lọ: nínú gbogbo ohun tí Lagerbäck rò, tó yàn, tó sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó wọ pápá, kò sí ohun kan tí ìbá yàtọ̀ yálà bọ́ọ̀lù yẹn wọlé tàbí kò wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ Yakubu. Bí iṣẹ́ kan náà bá lè jẹ́ ti ọlọ́gbọ́n lójú wa ní ìṣẹ́jú yìí, kó sì di ti òpè ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, ojú wa ló ń yí, iṣẹ́ náà dúró síbi tó wà.

Ní 1976, Bernard Williams ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Thomas Nagel ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí irú ọ̀ràn yìí. Awakọ̀ méjì ló mutí, tí wọ́n jọ ń sáré àsápajúdé. Ọmọdé sáré gba iwájú ọ̀kan kọjá, kò sẹ́ni tó gba iwájú èkejì. Apànìyàn la ó pe ti àkọ́kọ́, èkejì yóò délé, yóò jẹun, yóò sùn. Ìwà méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tó ya ìwé ẹ̀sùn wọn sọ́tọ̀ kò sí lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Nagel kò rí ọ̀nà àbáyọ níbẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá rọrùn díẹ̀ ju ti awakọ̀ lọ, nítorí kò sí òkú níbẹ̀ tí ẹbí rẹ̀ ń béèrè ẹ̀san.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ rèé: èsì ni wọ́n san owó fún. Kò sẹ́ni tó gba Onígbìndé síṣẹ́ kó wá ronú dáadáa. Wọ́n gbà á kó wá borí. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ aṣọ híhun, tí kò hun ún, tó sì ní òun ti sapá, ṣé a ó san owó fún ìsapá? Òótọ́ ni, mo sì gbà pé agbanisíṣẹ́ lè fòpin sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nítorí èsì. Àdéhùn ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n fífòpin sí àdéhùn yàtọ̀ sí dídá ènìyàn lẹ́bi. Oko tí òdá mú, onílẹ̀ lè gbà á padà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bó bá wá ń kígbe lójà pé ọ̀lẹ ni àgbẹ̀ náà, ó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó ti wọ ọ̀rọ̀ ìwà. Àwa tí a kò sì bá akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe àdéhùn kankan, ọ̀rọ̀ ìwà nìkan ló kù tí a lè sọ. Òun náà ni a kì í rọra sọ.

Èyí tó tún le ni pé bí èsì kò bá lè dá ni lẹ́bi, kò gbọdọ̀ lè yìn ni pẹ̀lú. N kò lè gbà á lọ́wọ́ Onígbìndé kí n wá fi sílẹ̀ fún Stephen Keshi. Keshi gba ikọ̀ náà ní ìparí 2011, lẹ́yìn tí Nàìjíríà kò yege rárá fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà 2012. Ní oṣù kejì 2013, ní Johannesburg, Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí, fi góòlù kan ṣoṣo borí Bùrkínà Fasò, Keshi sì di ẹnì kejì, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì, tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹni tó bá rántí ìgbà náà dáadáa yóò rántí pé wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n kojú Ẹtiópíà, ó ti tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 kí Victor Moses tó rí pẹ́nárítì àkọ́kọ́ gbá. Ká ní adájọ́ kò fọn fèrè yẹn ńkọ́? Nítorí náà mo gbà láìyẹsẹ̀ pé ife kọ́ ló fi Keshi hàn bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó fi í hàn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kan: ó kó àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé dání nígbà tí àṣà ni pé Yúróòpù nìkan là ń wò. Mba wà lára wọn. Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars ìlú Àkúrẹ́ wà lára wọn. Ìpinnu tó ní ìdí ni, ó sì gba ìgboyà, torí pé ká ní Ẹtiópíà ta ọ̀mì lọ́jọ́ yẹn, òun gan-an ni wọn ìbá kọ́kọ́ fi lù ú.

Àwọn kan yóò wá ní ọ̀nà àbáyọ ni mo ń là fún àwọn aṣebi. Bí gbogbo aláṣẹ bá lè sọ pé èsì kọ́ ni kí ẹ wò, ta ni a ó tún mú? Mo rò pé òdìkejì ni òótọ́. Ìwọ̀n tí mo ń sọ yìí le ju ti èsì lọ, nítorí kò jẹ́ kí oríire bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ fi wọn àwọn tó lé Amodu. A kò mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e: ọkùnrin kan yege fún Ife Àgbáyé, ó gba ipò kẹta ní Áfíríkà, ó mọ àwọn ọmọ rẹ̀, àkókò tó kù kò sì tó fún ẹlòmíràn láti mọ̀ wọ́n. Ìpinnu burúkú ni. Ìbá jẹ́ burúkú bákan náà ká ní Onígbìndé gba ife àgbáyé wálé. Ohun tí 2010 fi hàn nìyẹn, kì í ṣe pé orí ẹnikẹ́ni burú: àwọn aláṣẹ kò kọ́ ohunkóhun nínú 2002, nítorí ẹ̀bi ti rí ẹni gbé e fún wọn. Nígbà tí a ti ní orí ọ̀gá tuntun ni kò dáa, kò sẹ́ni tó tún béèrè ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀.

Ifá tún ní ìtàn mìíràn tí a kì í sábà rántí bíi ti Ajàlá, pé gbogbo orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn kò sì pe ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbìmọ̀ kò sì lè dé ibì kankan. Nínú bọ́ọ̀lù, a kò tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Ní Bloemfontein, Nàìjíríà ló ń jẹ Gíríìsì níyà ní 1 sí 0 kí Sani Kaita tó gbé ẹsẹ̀ sókè sí ẹlòmíràn, tí wọ́n fún un ní káàdì pupa. Lagerbäck kọ́ ló ni ẹsẹ̀ yẹn. Ó sì yẹ kí ẹni tó bá ní orí Lagerbäck ló burú ṣàlàyé Íslándì fún mi. Ọkùnrin yìí kan náà lọ síbẹ̀ ní 2011, orílẹ̀-èdè tí iye ènìyàn rẹ̀ kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Wọ́n fún un ní ọdún, kì í ṣe oṣù. Ní 2016, òun àti Heimir Hallgrímsson kó wọn lọ sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n borí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2 sí 1, wọ́n sì wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Orí tó gbé lọ sí Gúúsù Áfíríkà náà ló gbé lọ síbẹ̀.

Bí mo bá wá fẹ́ ṣe ìdájọ́ Onígbìndé pẹ̀lú ìwọ̀n tí mo gbé kalẹ̀ yìí, àmì kan tó gbà ní Jàpáánù kò lè ràn mí lọ́wọ́, ó sì lè ṣì mí lọ́nà. Mo ní láti wo ìpinnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tó mọ̀ nígbà tó ṣe é. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbè é lẹ́yìn fún. Kí ènìyàn lọ sí ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀ láìsí ọgbọ́n Oliseh láàárín pápá, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo gan-an, n kò sì tíì gbọ́ ìdí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ní Osaka. Nàìjíríà ti jáde nínú ìdíje. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dájú, David Beckham àti Michael Owen sì wà nínú ikọ̀ wọn. Onígbìndé mú ọmọ ọdún 19 kan, Vincent Enyeama, ó fi í sílé gọ́ọ̀lù. Gbogbo ènìyàn rántí pé ọmọ náà kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan wọlé, pé òun náà ló tún wà nílé ní 2010 àti ní 2013, wọ́n sì ń yin ìpinnu náà nítorí ìyẹn. Èmi yìn ín nítorí pé kò sí ohun tí Nàìjíríà lè pàdánù mọ́ lọ́jọ́ náà, ọmọdé tó mọṣẹ́ sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí ó mọ bí pápá ńlá ṣe ń rí. Ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá márùn-ún sínú àwọ̀n rẹ̀, ìpinnu náà ìbá ṣì dára.